Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Ìjà Ìlobùú àti Ifọ́n ti kúrò lójú ìwé ìròyìn. Kò tíì kúrò nínú oorun àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ sọ lónìí nìyẹn, a ò sì ní fi bọpo bọyọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú mìíràn lè má rántí mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ tó ti wà láàárín ìlú méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún tún bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún kan náà, ó tún ru sókè, ó sì fa Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó jẹ́ aládùúgbò wọn mọ́ ọn. Ẹ̀mí ṣòfò. Ilé jóná. Àwọn ènìyàn di ẹrù, wọ́n sá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde òfin kónílé-ó-gbélé, àwọn agbófinró sì gba ìgboro. Ta ló ni ilẹ̀? Níbo ni ààlà wà? Ta ló kọ́kọ́ ṣe ta ni? Àwọn ìbéèrè tó gbòde nìyẹn, wọ́n sì tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a ò gbọ́ kó ròkè tó bẹ́ẹ̀: ṣé ẹ ń sùn?

Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n sá lóru, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já báyìí bí ẹnì kan bá ké lójú títì, ta ló bi í? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kó sábẹ́ tábìlì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń yin bánńgà lọ́dún Kérésì, ta ló bi í? Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń kí ní akin, tó sì jẹ́ pé igbó ló fi ń pa ohun tí ojú rẹ̀ rí mọ́lẹ̀ lálaalẹ́, ta ló bi í?

Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní ẹbí ní Ìlobùú, a sì ní ẹbí ní Ifọ́n. Àwọn ìlú wọ̀nyí ti ń fẹ́ra wọn tipẹ́, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí Òṣogbo. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀yìn ẹni tí a wà. Ohun tí a ń jà fún kò ju èyí lọ: kí ìtọ́jú ọkàn di ara ohun tí a ń pè ní àlàáfíà. Kí ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ lọ ṣe tẹ́rápì má di ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó sì mọ ohun tó máa bá níbẹ̀ kó tó lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ jẹ.

Kí tiẹ̀ ni tẹ́rápì? Ohun náà kò le. Ènìyàn á jókòó ti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n á jọ máa fi ọ̀rọ̀ tú ohun tó dì mọ́ ọkàn, lọ́jọ́ tí wọ́n dá, fún wákàtí tí wọ́n dá, pẹ̀lú ìlànà. Kì í ṣe idán. Kì í ṣe ìwàásù. Kì í sì í ṣe ti wèrè nìkan. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín lórí WhatsApp, lè nílò rẹ̀ ju ẹni tó ń rìn ní ìhòòhò lójú ọjà lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé à ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé ìṣirò kan jáde: ní ibi tí ogun tàbí ìjà ńlá bá ti wáyé láàárín ọdún 10 tó kọjá, ó tó ènìyàn 1 nínú 5 tí àìlera ọkàn kan tàbí òmíràn ń bá fínra, láti orí èyí tó fúyẹ́ dórí èyí tó le. Ẹ wo ilé yín. Ẹ ka orí. Ẹ fi ojú inú wo kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ 40 wà.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Wọ́n á ní, "Ìwà òyìnbó nìyẹn, Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Àbí? Ìlobùú tí ẹ ń wí yìí, ibẹ̀ ni ojúko Erinlẹ̀, ọdẹ tó tún jẹ́ oníṣègùn. Ifọ́n ni ilé Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá arúgbó, ẹni tí àfín, abuké àti arọ sá sábẹ́ ààbò rẹ̀, tí a sì ń pe àwọn wọ̀nyẹn ní ẹni òrìṣà kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú wa, ẹ má bínú, ìtàn là ń sọ, a ò ní kí ẹ padà lọ bọ nǹkan kan. Ohun tí à ń wí ni pé ìlú tí ìwòsàn jẹ́ orúkọ rẹ̀ láyé ọjọ́un kò lè sọ pé ìtọ́jú jẹ́ àjèjì sí òun.

Tí ìtàn òrìṣà kò bá tó yín, ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìṣègùn àrùn ọpọlọ ní ìlú òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró. Ó wò ó pé títi aláìsàn mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n kò bá ti wa mu. Ló bá ní kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ìbátan kọ̀ọ̀kan bá wọn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára ètò yìí, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO nígbà tó yá. Àní Ulli Beier, ará Jámánì tó gbé ní Ìlobùú rí kó tó kó lọ sí Òṣogbo, ti kó ọ̀dà àti bébà lọ bá àwọn aláìsàn tó wà ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ní kí wọ́n máa ya àwòrán. Ẹ wá ń sọ fún wa pé Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti ṣe é tó fi kọ́ òyìnbó.

Wọ́n á tún ní, "Àdúrà ti tó." Ẹ jọ̀ọ́, a ò bá àdúrà jà. Ẹni tí àdúrà bá fún ní oorun, kó máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń gbàdúrà, ó sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn egungun, kò sẹ́ni tó pè é ní aláìgbàgbọ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọkàn nìkan ni kò gbọdọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni? Ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet gbé ìwádìí kan jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú rẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana. Wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì ní ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ tó le ń ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú báyìí sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá nìkan lọ. Nítorí náà, àdúrà àti ìtọ́jú lè jókòó sórí ẹní kan náà. Èyí tí a kò fara mọ́ ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti ààwẹ̀ tipátipá. Ẹgbẹ́ Human Rights Watch ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2019: wọ́n bá àwọn ènìyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nílé ìwòsàn, nílé ìbílẹ̀ àti nílé ìsìn. Ìyà nìyẹn. Kò ní orúkọ mìíràn.

Èyí tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni, "Ṣebí àgbà ń bẹ nílé? Kí lo fẹ́ lọ sọ fún àjèjì?" A ò ní fi ọwọ́ rọ́ eléyìí sẹ́yìn, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ ọkàn ló jinná lórí ẹní ìyá àgbà. Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ, rí èyí. Láti ọdún 2006 ló ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní ìlànà tẹ́rápì, tí wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn kéékèèké, tí ẹni tí ìrònú pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ ń wá bá wọn sọ̀rọ̀. Friendship Bench ni wọ́n ń pe ètò náà. Ní ọdún 2016, ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ o: wọ́n kọ́ wọn. Ewú orí nìkan kò tó.

Ìṣòro wà nílé tiwa tó ju ti àìkọ́ṣẹ́ lọ. Àgbà tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀dọ́ Ìlobùú, ọmọ Ìlobùú ni. Èyí tó yẹ kó gbọ́ ti ọ̀dọ́ Ifọ́n, ọmọ Ifọ́n ni. Ilé tiwọn náà jóná. Ẹ̀gbọ́n tiwọn náà kú. Tí ọmọ ọdún 19 bá sọ fún baba rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ jà mọ́," ṣé gbogbo baba ló máa gbọ́ ìgbọràn-ẹni-ẹlẹ́rù nínú rẹ̀, àbí àwọn kan á gbọ́ ọ̀dàlẹ̀? Tí ọmọbìnrin Ifọ́n tó fẹ́ ọkọ ní Ìlobùú bá fẹ́ sunkún, ẹgbẹ́ wo ló máa sun ún sí? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àjèjì fi wúlò nígbà mìíràn. Kò ní ilẹ̀ níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Etí rẹ̀ ṣófo, ọ̀rọ̀ lè wọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, a ò gbàgbé àwọn tó ní ọkùnrin kì í sunkún. Àgbà kan náà ló sọ pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ yan èyí tó wù yín.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀, nítorí irọ́ tí wọ́n ń pa fún yín wá láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Àwọn kan ní wọ́n á so yín mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn lórí Instagram ní ìjókòó kan péré, ẹ ó di ènìyàn tuntun. Irọ́ ni méjèèjì.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìjà ló nílò tẹ́rápì. Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ni ara wọn máa ń balẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá rí ibi sùn, oúnjẹ jẹ, iṣẹ́ ṣe, àti ẹni tó fẹ́ràn wọn. Ìwé tí WHO ṣe ní ọdún 2011 fún àwọn tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn àjálù sọ ọ́ gbangba: ẹ má fi tipá mú ẹnikẹ́ni rojọ́ ohun tó rí. Ẹ wò ó, ẹ gbọ́ ọ, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti lé ní oṣù kan, tí àlá burúkú ò lọ, tí ẹ ń fo bí nǹkan bá dún, tí ẹ ń yí ọ̀nà po kí ẹ má baà gba ibi kan kọjá, tí ìbínú tàbí òfo ti gba ilé iṣẹ́ tàbí ìwé kíkà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má dúró mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ń rò ó láti pa ara yín, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kó bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Èkejì, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń lọ bá. Psychiatrist ni dókítà tó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ, òun ló lè kọ oògùn. Psychologist tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ tirẹ̀. Olùdámọ̀ràn wà pẹ̀lú, ilé-ẹ̀kọ́ la ti sábà máa ń rí i. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì wo fídíò, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní onítẹ́rápì, kò sí nínú wọn. Ẹ bi í: níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ìwé ẹ̀rí wo lẹ ní? Ta ló ń bojú tó iṣẹ́ yín? Onítẹ́rápì gidi kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Láti Ìlobùú tàbí Ifọ́n, ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ jù ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Wesley Guild wà ní Iléṣà, lábẹ́ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. UCH wà ní Ìbàdàn, Àró ṣì wà ní Abẹ́òkúta. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ ó gba káàdì, ẹ ó jókòó dúró, ó sì ṣeé ṣe kí dókítà mìíràn kọ́kọ́ rí yín kó tó darí yín lọ. Ẹ mú sùúrù dání. Ẹ béèrè iye owó ṣáájú, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè ló máa pọ̀. Kí ló gbé yín wá? Láti ìgbà wo? Báwo ni oorun? Báwo ni oúnjẹ? Ta lẹ ń gbé pẹ̀lú? Ṣé ẹ ń mu ọtí, igbó, kólórádò? Ṣé ó ti ṣe yín rí bíi kí ẹ má sí láyé mọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, wọ́n á ní dókítà ń fi ọ̀fọ̀ ránṣẹ́. Rárá o. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi, bíbéèrè rẹ̀ kò sì fi èrò náà síni lọ́kàn. Ẹ dáhùn bó ṣe rí. Ẹ̀yin náà ò ní láti tú gbogbo àpò yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ kò bá tíì lè sọ, ẹ sọ pé, "Mi ò tíì lè sọ ọ́." Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àṣírí. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé. Kò gbọdọ̀ lọ sọ fún ìyá yín, ọ̀gá yín tàbí pásítọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ààlà wà, ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ fún ara wa: tó bá dá a lójú pé ẹ fẹ́ pa ara yín, tàbí pé ẹ fẹ́ lọ dáná sun ilé ẹnì kan lálẹ́ ọ̀la, ó lè di dandan fún un láti sọ fún ẹni tó lè dá a dúró. Ilé ẹjọ́ náà lè béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ ní kó ṣàlàyé àwọn ààlà yìí fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti bínú yàtọ̀ o. Láti sọ pé, "Mo kórìíra àwọn ará ìlú yẹn," ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ibi tí ènìyàn ti lè sọ irú rẹ̀ jáde láìsí pé ẹnì kan fi ìbọn lé e lọ́wọ́ ni à ń wá kiri.

Ẹ̀karùn-ún, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìjókòó kan máa ń tó bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀. Fún ọgbẹ́ tí ìjà tàbí jàǹbá dá sí ọkàn, ìjókòó 8 sí 12 ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń gbà, àwọn kan á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lónìí ni CBT, tí Aaron Beck, dókítà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ohun tó dá lé ni pé bí a ṣe ń ro nǹkan ló ń darí bó ṣe ń ṣe wá àti ohun tí à ń ṣe. Ẹni tó bá ti rí ilé tó ń jó, ọkàn rẹ̀ lè kọ́ ọ pé gbogbo èéfín ni ìjà. Ẹni tó ń dáná gàrí lẹ́yìnkùlé á fa èéfín, àyà á já. Tẹ́rápì á jókòó ti ẹ̀rù yẹn, á tú u wò, á wá máa mú ènìyàn padà síbi tó ń sá fún ní díẹ̀díẹ̀, títí ọkàn á fi tún kọ́ pé èéfín kan wà tó jẹ́ ti oúnjẹ. Wọ́n á fún yín níṣẹ́ ṣe nílé: kí ẹ kọ ohun tí ẹ rò sílẹ̀, kí ẹ rìn dé ìkóríta tí ẹ kò dé mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ilé, kó má retí èsì ìdánwò.

Ẹ̀kẹfà, ó lè dùn yín sí i kó tó sàn. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, àlá lè tún pọ̀ sí i, ẹkún lè máa wá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sá níbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí ti ba àwọn jẹ́. Ẹni tó ń fọ egbò mọ̀ pé omi gbígbóná kì í tuni lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ sọ fún onítẹ́rápì yín pé ó ń dùn yín, kó lè dín ìrìn kù. Tí ó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀yin àti ẹni náà ò mọwọ́ ara yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ìlú kejì, tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ẹ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, tí ọ̀rọ̀ yín ò jáde, ẹ ní Yorùbá lẹ fẹ́. Bí "àyà mi ń já" ṣe rí lẹ́nu yín, ìwé òyìnbó kan ò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì sá fún àwọn wọ̀nyí: ẹni tó ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á tán pátápátá lọ́jọ́ kan, ẹni tó fẹ́ bá yín lò pọ̀ tàbí tó ń fi ọwọ́ pa yín lára, ẹni tó ń yá owó lọ́wọ́ yín, ẹni tó ń na ènìyàn, àti ẹni tó ń gbé ìtàn yín sórí ẹ̀rọ ayélujára kí ẹlòmíràn lè kan sáárá sí i.

A fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn aláṣẹ pẹ̀lú, nítorí a mọ bí wọ́n ṣe lè yí i po. Tẹ́rápì kò lè pín ilẹ̀. Kò lè jí òkú. Kò lè san owó ilé tó jóná. Ẹni tó pa ènìyàn ní ẹjọ́ láti jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wá fi àpérò ìtùnú dí òdodo lójú. A ò gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ rọ́pò ìdájọ́. Ṣùgbọ́n a ò tún gbà kí wọ́n parí ààlà lórí bébà, kí wọ́n fi ẹ̀rù àti ìbínú sílẹ̀ nínú ilé, kí àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì báyìí jogún rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jogún oko. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ni Ìrẹ́pọ̀dùn. Ojú ń ti orúkọ yẹn.

Òfin ti wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ ti orílẹ̀-èdè, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn fi ń pe aláìsàn ní wèrè lásán. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì ní kí wọ́n má ṣe yà á sọ́tọ̀. Ìlànà ti wà: láti ọdún 2008 ni WHO ti ní ètò tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera lásán ní ìtọ́jú ọkàn, kí ó má baà jẹ́ pé dókítà ọpọlọ nìkan là ń dúró dè. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan ṣe é. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti ti Oròlú kọ́ òṣìṣẹ́ méjì-méjì ní ilé ìlera kọ̀ọ̀kan. Kí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní olùdámọ̀ràn tó ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Kí ìgbìmọ̀ àlàáfíà èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn ní ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn nínú. Kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá àgbà wa bí wọ́n ṣe kọ́ ti Zimbabwe, ìyá Ìlobùú kan, ìyá Ifọ́n kan, lórí bẹ́ǹṣì kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó ṣe tiyín. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní òun fẹ́ lọ, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bá a wọ ọkọ̀ dé Òṣogbo, ẹ dúró dè é níta títí yóò fi jáde. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ lọ, ẹ lọ. Àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ti jáde tó ní ìlú wa. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí a ti lè kọ́ ọ̀rọ̀ kejì.